Ìbọn kan, ẹran méjì nílẹ̀, ẹ̀kẹta ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Òkè-Ògùn

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Lálẹ́ àná, mo wà létí oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ṣakí. Iná orí mi gba ojú akọ ẹtu kan. Ojú méjèèjì ń tàn, ẹran dúró, kò mira. Ìbọn olójú méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọta AAA ni mo ki sí i. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹtu wó. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo bá abo kan nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú koríko, òun náà ti kú. Mo fi Ògún búra, ojú méjì péré ni mo rí kí n tó yìn. Kò tán síbẹ̀. Mo tún rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lọ sápá odò, ẹ̀jẹ̀ ẹran kẹta. Mo tẹ̀ lé e títí dé ibi tí ilẹ̀ ti le, n kò rí ipa mọ́.

Àwọn ará ilé ń bá mi yọ̀ pé ẹran méjì lóru ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré. Inú tèmi kò dùn tó tiwọn. Báwo ni ẹran tí n kò rí ṣe kú? Kí ni kí n ṣe sí ẹ̀kẹta? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí irú èyí kì í fi í ṣẹlẹ̀ sí yín?

Baba Alájá

Àbúrò, o kú ewu oko. Ti ẹ̀kẹta yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ, torí àwọn méjì tó ti kú kò tún níbi tí wọ́n ń lọ. Padà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí kí ìrì tó gbẹ. Ibi tí o ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn ni kí o dúró sí, kì í ṣe ibi tí o ti yìnbọn. Fi àkísà sàmì sí i, kí o wá máa yí i po díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀, kí àyíká náà máa fẹ̀ sí i. Má tẹ ipa náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o máa gbà.

Wo ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa. Bó bá pọ́n fòò tó sì ń hó, fùkù ni ọta bà, ẹran náà kò jìnnà. Bó bá dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, fún un láyè díẹ̀ kí o tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣàn bí omi, tó ní àwọ̀ ewé, tó sì ń rùn, ikùn ni. Ti ikùn yìí ni ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń bà jẹ́. Wọn á sáré lé e, ẹran á gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, á tún dìde, á lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i àfi igún. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, nítòsí ló máa dùbúlẹ̀ sí. Bí o kò bá ní ajá tó mọ ipa, lọ yá ti ẹlòmíràn. Má fojú kékeré wo ìyẹn.

Adéọdẹ

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí jẹ ẹran rẹ̀ jàre. Ògún ló fún un. Àwọn bàbá wa yìnbọn kan sáàárín ọ̀wọ́ awó, bíi mẹ́rin balẹ̀, ìjálá ni wọ́n fi ṣe, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní aláìmọ̀ọ́ṣe. Ọta ti di ọ̀wọ́n gógó báyìí. Ẹni tí katiríìjì kan bá fún ní ẹran méjì, kó dúpẹ́. Ṣé òun ló ránṣẹ́ sí abo pé kó wá dúró lẹ́yìn akọ ni?

Baba Alájá

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bá yín jiyàn lórí ọpẹ́. Ẹran tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ ni mo ń wí. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká lọ sùn bí ẹran tí a ṣe léṣe bá ṣì wà nínú igbó, ì báà jẹ́ òkété. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí n dáhùn, torí iṣẹ́ mi ni. Katiríìjì AAA kì í ṣe ọta kan. Ọta tó wà nínú rẹ̀ lé ní 30. Bí wọ́n bá jáde lẹ́nu ìbọn, pa pọ̀ ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jìnnà ni wọ́n ń tú ká. Ojú ìbọn tó fún pọ̀ dáadáa níwájú á kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ọta rẹ̀ sínú róbótó tó fẹ̀ ní íǹṣì 30, ní yáàdì 40. Èyí tí kò fún rárá kò ní kó ju nǹkan bí ìdá 40 síbẹ̀. Ẹ wá bi ara yín léèrè pé níbo ni ìyókù ń lọ.

Àyà ẹtu kò ju ojú àwo ọbẹ̀ kan lọ. Bí ọta bá ti fẹ̀ tó íǹṣì 30, èyí tó bá ẹran tí o fojú sùn kò pọ̀ rárá. Ìyókù gba òkè rẹ̀, wọ́n gba abẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn ìyẹn ló pa abo, àwọn ló ṣe ẹ̀kẹta léṣe. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọta gba inú ẹran kan bọ́ sínú èkejì. Fún ráífù, òótọ́ ni. Fún katiríìjì ọlọ́ta wẹ́wẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹran ló sábà máa ń gbà.

Ti ṣakabùlà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin wẹ́wẹ́ tí a gé, tí ọ̀kan gùn tí èkejì kúrú, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gbà. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá fi kún ẹ̀tù ìbọn, ọta á lọ tààrà. Irọ́ ni. Ńṣe ló máa fọ́n ká sí i, ìbọn á sì fẹ́ bẹ́ mọ́ wọn lójú. Mo ti tún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe, mo sì ti rí ọwọ́ ẹni tó yìn ín.

Ohun tí mo máa ń ní kí gbogbo oníbàárà mi ṣe nìyí. Wá páálí ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń kó fíríìjì. Ya àmì kékeré sáàárín rẹ̀. Gbé e ti òkìtì ilẹ̀ tí ènìyàn kò lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Yìn ín láti ìṣísẹ̀ 15, pààrọ̀ páálí, yìn ín láti 25, pààrọ̀, yìn ín láti 35. Lẹ́yìn náà, fi èédú ya ìwọ̀n àyà ẹtu yí àmì náà ká, kí o ka ihò tó wà nínú rẹ̀ àti ihò tó wà níta. Ojú méjèèjì ìbọn rẹ ni kí o dán wò, torí ọ̀kan sábà máa ń fún ju èkejì lọ. Ibi tí ihò ìta bá ti pọ̀ ju ti inú lọ, má yìnbọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹran tó ní ẹnìkejì.

Ọdẹ Alẹ́

Alágbẹ̀dẹ ti sọ ti ìbọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná. Ojú ẹran kì í dá tàn. Ìmọ́lẹ̀ orí rẹ ló ń dá padà sí ọ. Ẹran tó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ, tàbí tó tẹrí ba tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, o kò ní rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí ojú méjì, ohun tí o mọ̀ kò ju pé ẹran kan ń wò ọ́. Iye tó wà níbẹ̀, o kò tíì mọ̀ ọ́n.

Má rò pé ẹtu dá wà. Takọtabo lè máa jẹ pọ̀, ọmọ wọn á sì wà nítòsí títí yóò fi tó dá dúró. Ọ̀yà ńkọ́? Akọ kan, abo mélòó kan, ọmọ wẹ́wẹ́ nínú koríko kan náà. Ẹni tó bá yìnbọn sínú koríko tó ń mì, kò mọ ohun tó ń pa.

Bí iná mi bá gba ojú, n kì í gbé ìbọn lọ́gán. Mo máa ń yí iná náà kúrò lójú ẹran díẹ̀, kí etí iná ló máa bà á. Màá fi ẹnu dún wẹ́rẹ́. Gbogbo orí tó bá wà nínú koríko á gbé sókè, ojú á wá yọ. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń bo èkejì, màá sún sápá òsì tàbí apá ọ̀tún, kí n lè rí ohun tó wà lẹ́yìn. Ìgbà mìíràn ẹran á lọ. Kó máa lọ. Ọ̀la náà á ṣú.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo gba ọ̀rọ̀ Baba Alájá, mo yá ajá, a padà lọ. Ajá náà rí i lábẹ́ ìtàkùn létí odò. Ọmọ wọn ni, kò tíì gbó, itan ni ọta ti bà á, ó ṣì ń mí. A ti parí rẹ̀ kíákíá. Ó dùn mí gan-an, torí gbogbo agboolé kan ni mo kó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹran yìí ńkọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jẹ?

Ìyá Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yín ni mo ti ń ra ẹran, èmi ni mo sì ń la inú rẹ̀, ohun tí ẹ kì í rí ni mo máa ń rí. Ẹran tí wọ́n yìn dáadáa, àyà tàbí èjìká ni ọta máa ń wà, ẹran ara rẹ̀ á mọ́. Ẹran tí ọta kàn ṣèèṣì bà, ikùn àti ìdí ni mo máa ń bá ọta rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì péré. Ìgbẹ́ inú ìfun á ti tú sára ẹran, òróòro á ti bẹ́. Bó bá sun inú igbó mọ́jú kí wọ́n tó rí i, n kì í rà á. Bí wọ́n tilẹ̀ yan án gbẹ, òórùn yẹn kò ní lọ, oníbàárà mi á sì bú mi.

Ti ìwọ yìí, akọ àti abo, bí o bá la inú wọn lóru náà, kò sí wàhálà. Èyí tí ajá rí, bí ọta kò bá dé ikùn rẹ̀, òun náà dára, ṣùgbọ́n gé gbogbo ibi tó dúdú yí ojú ọgbẹ́ ká dànù. Òjé ni ọ̀pọ̀ nínú ọta yẹn, òjé kò sì dára fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé àti aboyún. Fi ọwọ́ tẹ ẹran náà káàkiri kí o tó gé e sí ìkòkò. Má sì ju ibi tó ní ọta fún ajá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn abo tó lóyún. Ọ̀yà ń gbé oyún tó nǹkan bí oṣù márùn-ún. Mo ti la ọ̀yà tí mo bá ọmọ mẹ́rin nínú rẹ̀, irun ti hù lára wọn. Ẹni tó gbé e wá ní òun kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, akọ lòun ń yìn. Owó tí mo san fún un kò ju ti ẹran kan lọ. Ẹ máa wò ó dáadáa kí ẹ tó yìn, ẹ jọ̀ọ́. Bí abo bá tán nínú oko, èmi náà kò ní rí ọjà tà.

Ọdẹ Houston

Ẹ kú ìjíròrò. Texas ni mo wà, ráífù la sì máa ń lò fún àgbọ̀nrín onírù-funfun níbí. Ti ráífù yàtọ̀ sí ohun tí Alágbẹ̀dẹ sọ. Ọta kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé bí àgbọ̀nrín bá fi ẹ̀gbẹ́ sí ọ, ọta .308 sábà máa ń gba ìhà kan wọlé, gba ìhà kejì jáde, kó sì tún máa lọ. Ọta bàbà ló tún burú jù ní ti èyí, torí kì í fọ́ bíi ti òjé. Bí abo bá dúró lẹ́yìn akọ, o lè kó méjèèjì.

Òfin ibí kò sì gba "n kò mọ̀". Láísẹ́ǹsì tí mò ń rà máa ń bá táàgì 5 wá fún irú àgbọ̀nrín yìí, àmọ́ iye tí o lè lò wà lọ́wọ́ òfin ìpínlẹ̀ kékeré tí o ti ń ṣọdẹ. Kété tí ẹran bá ti kú ni o gbọ́dọ̀ gé ọjọ́ àti oṣù lára táàgì, kí o so ó mọ́ ọn. Ẹran méjì, táàgì méjì. Bí ìkejì bá kọjá iye tí wọ́n fún ọ, tàbí kó jẹ́ akọ tí ìwo rẹ̀ méjèèjì ní ẹ̀ka, tí àárín wọn kò sì fẹ̀ tó íǹṣì 13, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìwo, pe ẹ̀ṣọ́ ẹranko kí o tó gbé e kúrò nílẹ̀. Ó lè bu owó ìtanràn fún ọ, ó lè má bu ú. Ẹni tó bá sá fi ẹran náà sílẹ̀ kó jẹrà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì, torí fífi ẹran ìgbẹ́ ṣòfò lòdì sófin fúnra rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ló gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó ṣọdẹ níbí. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù fún wa níbẹ̀ ni pé kí o mọ ẹran tí o ń yìn, kí o sì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ará Norfolk

Mo fẹ́ fi kún ti Houston. Ní England níbí, kò sí pé iye báyìí ni kí o pa, àsìkò ni òfin ń wò. Àgbọ̀nrín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní roe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin sí ìparí oṣù Kẹwàá ni a lè pa akọ rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá sí ìparí oṣù Kẹta ni ti abo. Nínú oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ni abo ń bímọ. Bí ọta mi bá gba inú akọ kọjá lọ pa abo lóṣù Kẹfà, mo ti pa á nígbà tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó dùbúlẹ̀ sínú koríko á sì kú fún ebi láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Ilẹ̀ Norfolk tẹ́jú, kò sí òkè tó máa gba ọta. Orí àga gíga tí wọ́n gbé ti igi ni a máa ń jókòó sí, kí ọta lè máa lọ sísàlẹ̀, kó wọlẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gun ún, ègùn orí igi tí bàbá mi àgbà máa ń sùn sí nílé ni mo rántí. Àwọn tó bá ṣì ń lo ègùn nílé, ẹ má jẹ́ kó parun. Ẹni tó wà lókè rí ẹ̀yìn ẹran ju ẹni tó dúró nílẹ̀ lọ, ibi tí ọta rẹ̀ sì máa bọ́ sí kò jìnnà.

Adéọdẹ

Mo ti gbọ́ ti ẹtu, mo gbà. Ti awó ńkọ́? Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan kì í dá wà. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni?

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kàn yìn sáàárín wọn. Èyí tó wà létí ọ̀wọ́ ni kí ẹ mú, kí ẹ gbójú lé e nìkan. Bí wọ́n bá ti fò, ẹ yan ọ̀kan, ẹ má yí ojú kúrò lára rẹ̀ títí tó fi máa bọ́. Ẹni tó yìn sáàárín á rí méjì mú délé, ṣùgbọ́n mẹ́ta mìíràn á gbé ọta lọ nínú ara, ìwọ̀nyẹn ni ẹ kì í kà.

Ọmọ Ìbàràpá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹran la ti ń sọ láti àárọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ènìyàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí a bá pagbo yí igbó ká, tí a tanná bọ̀ ọ́, tí ajá wọlé, ọ̀yà á máa sá jáde níhà gbogbo. Ọdẹ wà níwájú rẹ, ọdẹ wà lápá òsì àti ọ̀tún. Ọta tó lọ bá ẹran kejì láìmọ̀ lóko ẹ̀gẹ́, bó bá jẹ́ ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Èéfín ti bo ojú, kò sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a ti fi í ṣe òfin. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn sínú agbo. Jẹ́ kí ẹran gba àárín yín kọjá, kó bọ́ sẹ́yìn, nígbà náà ni kí o yíjú padà, kí o yìn ín lọ síta. Bí o kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó wà ní òsì àti ọ̀tún rẹ, kó ìka kúrò níbi tí a ti ń fa ìbọn, kí o pè é lórúkọ. Àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀ lé ajá, ọ̀pá àti àdá ni kí wọ́n mú, ẹ̀yìn àgbà ni kí wọ́n wà. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, a máa ń gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdẹ ọjọ́ náà á fi parí, ì báà jẹ́ àgbà.

Ẹ̀ṣọ́ Ìgbòho

Ẹ̀yin tí oko yín bá ààlà Old Oyo National Park, kékeré kan rèé. Láti 1991 ni ibẹ̀ ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀, kò sí ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀. Bí ẹran tí ọta ṣèèṣì bà bá sọdá ààlà, má gbé ìbọn tẹ̀ lé e wọlé. Fi ìbọn sílẹ̀, lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní ibùdó tó sún mọ́ ọ, sọ ibi tó gbà wọlé fún wọn. Ìbọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, nínú ọgbà, kò sí àlàyé tí wọ́n máa gbà.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo ti yìn páálí o. Láti ìṣísẹ̀ 15, ojú méjèèjì dára. Láti 25, ojú ọ̀tún ṣì kó ọta jọ, ṣùgbọ́n ti òsì ti tú káàkiri, ihò ìta pọ̀ ju ti inú lọ. Láti 35, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé. Ibi tí mo ti yìn ẹtu lọ́jọ́ náà sún mọ́ 35 yẹn dáadáa, ojú òsì ni mo sì fà. Ṣé ìbọn náà ló bàjẹ́ ni?

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn

Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe rọ tìrẹ nìyẹn: òsì fún itòsí, ọ̀tún fún ọ̀ọ́kán. Láti òní lọ, ọ̀tún ni kí o máa kọ́kọ́ fà, má sì yìn ín kọjá ìṣísẹ̀ 25 sí ẹran ilẹ̀. Kọ 25 yẹn sí ìdí ìbọn pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bí o bá pààrọ̀ irú katiríìjì, tún páálí yìn, torí iye tuntun lo máa rí.

Ọdẹ Alẹ́

Kí o tún máa fi ẹsẹ̀ wọn ìṣísẹ̀ 25 lójú mọmọ, nínú oko tí o ti ń ṣọdẹ gan-an, kí o fi igi sàmì sí i. Lóru, ohun gbogbo máa ń dà bíi pé ó sún mọ́.